Ràkúnmí Wà Nínú Ìwé Alhaji

Nínú mọ́tò tó ń ti Ọ̀kà lọ Ìkàrẹ́ ni mo ti gbọ́ Alhaji kan àti ìyàwó ẹ̀, wọ́n ń gbé ìwé tí Alhaji kọ nípa ìrìn-àjò wọn sí Mẹ́kà lọ fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́.

"Alhaji, ràkúnmí wà nínú ìwé yín, èmi tá a jọ lọ ò sí níbẹ̀."

"Ìwé ẹ̀sìn ni, Alhaja."

"Ẹ sọnù láàárín àgọ́ ní Mínà. Ẹ wá kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló fọ̀nà àgọ́ wa hàn yín."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ funfun ni gbogbo àgọ́ ibẹ̀. Ta ló so ìborùn mọ́ tiwa, bá a ṣe ń so aṣọ mọ́gi lóko kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa ṣìnà?"

"Wọ́n á ní ìyàwó mi ló wá mi rí."

"Ṣé irọ́ ni?"

Inú ti ń bí mi, ó kù díẹ̀ kí n dá sí i. Ràkúnmí lásánlàsàn! Nígbà tá a rí ilé Ìkàrẹ́, Alhaji yọ bírò.

"Ìborùn yẹn, àwọ̀ wo ni?"

"Pupa ni. Ẹ má sì kọ ọ́ sẹ́yìn ràkúnmí."