Èmi Ni Mo Ṣílẹ̀kùn fún Màámi

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó, ẹ má tíì máa wo aago. Káfíńtà, ẹ̀yin náà, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́sàn-án, òótọ́ sì ti bá a lónìí. Kọ́kọ́rọ́ tí káfíńtà fi sí ilẹ̀kùn wa kò tú. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún Màámi.

Ẹ mọ bí àrùn ìgbàgbé ṣe bá wọn fínra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé ìkòkò òfìfo kaná, tí wọ́n lọ sùn. Wọ́n á lo oògùn àárọ̀ tán, wọ́n á ní àwọn ò tíì lò ó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Bọ̀ọ̀dá mi fi ní kí káfíńtà fi kọ́kọ́rọ́ sókè ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ wọn ò ní tó. Ṣùgbọ́n èmi aránṣọ ni mo ń bá wọn gbélé. Ìbéèrè kan náà ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: "Bàbá àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Bàbá wa tó ti kú tipẹ́! Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mo wá ń dáhùn pé, "Wọ́n ń bọ̀, mà." Ìyẹn ò burú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan jókòó tì mí, apá aṣọ kan ṣoṣo ni mo tíì rán. Màámi bi mí, wọ́n tún bi mí. Inú bí mi. Mo ní, "Wọ́n wà ní oríta, wọ́n ń retí yín. Ẹ lọ pàdé wọn." Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣí kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé wọn ò ní kọjá ẹnu géètì. Irọ́ tún nìyẹn, mi ò ro nǹkan kan, ìsinmi ni mo ń wá. Wọ́n tún aṣọ wọn ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọge. "Ẹ ṣé o, ìyá aránṣọ. Ọlọ́run á fún ẹ̀yin náà lọ́mọ tó máa tọ́jú yín." Wọn ò mọ̀ pé èmi lọmọ náà.

Ọkọ̀ gbá wọn pa ní oríta. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ pariwo pé, "Ta ló ṣílẹ̀kùn?" Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ káfíńtà ló tú." Ẹ lọ bú káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn èèyàn. Káfíńtà, ẹ ò jiyàn. Ẹ kàn ní, "Bóyá mi ò kan ìṣó yẹn wọlé dáadáa." Láti ọjọ́ náà, ẹ ò ṣe ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni mọ́, àga nìkan lẹ ń kàn. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Ìkà ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú àpótí aṣọ ni mo ti bá áyọ́ọ̀nù mi, ó ṣì gbóná. Dókítà ní àìsàn Màámi ti ń yọjú lára mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí nísinsìnyí tí mo ṣì mọ ohun tí mo ṣe. Bó bá dọ̀la tí mo búra pé ẹlòmíràn ló ṣe é, ẹ má gbà mí gbọ́.