Ẹ̀gbọ́n Tí Wọ́n Wọ́gi Lé

Aṣọ ìrọ̀rí ni mo fẹ́ rà ní Ọjà'ba nígbà tí obìnrin kan tó wọ híjáàbù dé, tó ní kí ìyá aláṣọ gé aṣọ funfun tí wọn ó fi sin òkú fún òun.

“Ta ló ṣaláìsí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Ọjọ́ kẹta rè é, ọsibítù ò tíì gbé òkú rẹ̀ fún wa.”

“Òkú Mùsùlùmí, ọjọ́ mẹ́ta! Kí ló dé?”

“Wọ́n ní orúkọ bàbá tó wà nínú ìwé àwa méjèèjì ò bára mu. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni tilé wa rí, kálukú ló ní orúkọ tó fi wọ ilé ìwé. Wọn ò gbà. Wọ́n ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ mọ́gàjí ilé wa. Mọ́gàjí ló wá sọ fún mi pé ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ìyá mi ló fún un lọ́mú.”

“Ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Ta ni n ó bi? Nílé wa, ẹni tó bá bèèrè irú ìyẹn, wọ́n á ní ó fẹ́ da ilé rú. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ o. Òun ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún mi.”

Ìyá aláṣọ dá sísọ́ọ̀sì rẹ̀ dúró. “Ṣebí ọmú kan náà lẹ jọ mu. Ẹ̀gbọ́n yín ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run.”

“Lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni, Màmá. Ẹ̀gbọ́n tí mo kọ sínú ìwé ọsibítù, bí wọ́n ṣe ka lẹ́tà mọ́gàjí tán, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe wọ́gi lé e.”