Àlàyé Tí Mo Jù Nù

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kóòdù kọ̀ǹpútà mi, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè gbé wọ sàréè, dókítà sì ti ní kí n pe àwọn ọmọ mi jọ. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń kí mi pé mo ṣeun. N kò ṣeun rárá. Ìkà ni mí.

Èmi ni alábòójútó àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń ṣírò ìwọ̀n oògùn. Ẹnikẹ́ni ló lè mú àtúnṣe wá, èmi ni mo ń gbà á wọlé, orúkọ ẹni tó ṣe é á sì wà lára rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àṣìṣe ti wà nínú iṣẹ́ mi: ìdajì ìwọ̀n tó yẹ ni kóòdù náà ń gbé jáde. Mo mọ̀. Ojú tì mí láti tún un ṣe ní gbangba, ni mo bá kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé pé kí ẹ máa sọ èsì náà di ìlọ́po méjì, bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Obìnrin kan tí n kò rí rí, àfi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló tú àṣírí mi. Ó tún kóòdù náà ṣe, ó tún àlàyé kọ: pé ìwọ̀n ti pé wàyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìlọ́po méjì mọ́, torí kóòdù ti tẹ́lẹ̀ kò tọ̀nà. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló bí mi nínú. Mo gba kóòdù rẹ̀, mo fi orúkọ ara mi sí i, mo ju àlàyé rẹ̀ nù, mo fi tèmi àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó kọ̀wé sí mi lójú àkójọ kóòdù náà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ yín sí i, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àlàyé yẹn ṣe, wọ́n á máa fún aláìsàn ní oògùn ju bó ṣe yẹ lọ.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Lójú gbogbo ayé ni mo ti dá a lóhùn: “Ìyá Àlàyé, ẹni tí kò mọ kóòdù kọ ló ń kọ ìtàn. Lọ jókòó.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, inú mi dùn dẹ́yìn. Mo sì dínà mọ́ ọn kó má lè kọ ohunkóhun síbẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan fi kọ̀wé sí mi: “Ọ̀gá, bí ìwé yín ṣe wí la ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ó sùn, kò jí mọ́.” Orúkọ mi ni mo rò, n kò ro ọmọ. Mo ní kí àbúrò mi tí a jọ ń bójú tó iṣẹ́ náà yọ orúkọ mi kúrò lára àtúnṣe yẹn, kó fi ti obìnrin náà sí i.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ó mà kìlọ̀ fún yín o.”

“Pa ìkìlọ̀ náà rẹ́.”

Ó sì ṣe é. Bí mo ṣe dá iṣẹ́ obìnrin náà padà fún un nìyẹn, lẹ́yìn tó ti di ẹ̀jẹ̀. Mo kéde pé òun ló yí kóòdù padà láìtún àlàyé ṣe, pé ẹ̀bi tèmi kò ju pé mo fọkàn tán an. Mo tiẹ̀ pòwe sí i: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọ́n bú u, wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Ìyá ọmọ náà fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó sì ṣépè fún un.

Lọ́sẹ̀ yìí mo bẹ obìnrin tó kìlọ̀ fún mi náà pé kó foríjì mí. Ó fèsì: “N kò foríjì yín. Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé àlàyé yín, níbi tí ìyá yẹn ti lè rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa lọ.”

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń kà á níbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá ọmọ, èmi ni mo pa ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé èpè yẹn kúrò lórí obìnrin náà.