Kò Gbọdọ̀ Kúrò Níbẹ̀

Má jókòó, Àjàlá! Dúró bẹ́ẹ̀ kí n bá ọ sọ ọ́, nítorí bí o bá jókòó, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, n ó sì gbà, mi ò sì fẹ́ gbà lónìí. Wo Kàsímù lẹ́yìn mi, ọmọ oṣù méje, ó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo fún un ní kóko, ẹ̀kọ́ mímu, ó tu ú sí mi láyà. Mo po wàrà inú agolo, ó fọwọ́ gbá a dànù. Ọmú ìyá rẹ̀ ló ń fẹ́, ìyá rẹ̀ dà? Ojúọlá ọmọ mi wà nílé àwọn Júù tí o mú un lọ, ó ń ṣọ́ ìkòkò! Jímọ̀ọ́ keje rèé!

Ìkòkò wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ná? Ìkòkò tí wọ́n ń ki okùn rẹ̀ bọ ara ògiri, tí kò ní èéfín, tí kò ní eérú, tí kì í hó bí ìkòkò ọmọlúàbí! Ẹ̀wà, ẹran màlúù, ànàmọ́ òyìnbó, ẹyin tòun ti èèpo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀ọ́, ó di ọ̀sán Sátidé kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹran wo ló le tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní àwọn kì í fọwọ́ kan iná lọ́jọ́ ìsinmi àwọn, bí oòrùn Jímọ̀ọ́ bá ti wọ̀. Ẹ̀sìn wọn nìyẹn, mi ò bá wọn jà, àwa náà ní tiwa. Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo fi gbà kí ọmọ mi máa dáná fún wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ìsinmi tiwọn ló wá di ẹ̀wọ̀n fún wa?

Ẹ̀wọ̀n ni, mo tún un sọ! Lórí àpótí, nínú ilé ìdáná, láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀. Ọmú á kún un láyà, á máa ta á, á fún un sínú ife, á dà á nù. Wàrà ọmọ yìí! Ó ní òun kì í lè lọ tọ̀ láìsáré padà. Mo ní kó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní, "Màámi, ta ni yóò gbà mí?" Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ilẹ̀ yìí ti gba òmìnira, wọ́n ní àwa Yorùbá, àwa tí wọ́n ń pè ní Alata, ń gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ojúọlá tí mo bí sí àdúgbò Nima níbí!

Má sọ pé o kò mọ̀! Gẹ̀ẹ́sì ìyáàfin ilé náà kò yé ẹnikẹ́ni, ìwọ awakọ̀ wọn nìkan lo ń gbọ́ ọ. Ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, o ní, "Ojúọlá, ìyáàfin ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi mọ́." Ọmọ mi kò sì kúrò níbẹ̀! Àbí o fẹ́ búra?

Kí lo wí? Tún un wí.

Ìkòkò? Ìkòkò ni kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀? Kì í ṣe Ojúọlá? Yéè! Pé ńṣe ni ìkòkò náà máa ń dá ara rẹ̀ se, kí onílé lọ sùn, kí ẹni tó dáná máa lọ sílé rẹ̀? Mo gbé! Àjàlá, o ò lè pe ìkòkò ní ìkòkò? "Kò gbọdọ̀, kò gbọdọ̀," ta ni kò gbọdọ̀?

Ìyáàfin náà ńkọ́? Kò rí ènìyàn lórí àpótí? Ó bi ọ́ nínú mọ́tò? Ó ní ṣé àṣà àwa Alata ni, pé a kì í fi iná sílẹ̀ sùn? O sì ní bẹ́ẹ̀ ni? Torí náà ló ṣe tẹ́ ẹní fún un! Háà! Ọmọ mi ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn wọn, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àṣà wa, ọmú ń dà nù láàárín! Wàláì, ẹ̀rín á pa mí.

Má bá mi rẹ́rìn-ín! Ọ̀já rèé. Bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí o bẹ̀rẹ̀! Ìwọ ni o ó pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, gba ojú títì, kí gbogbo Nima rí ọ. Bó bá sì ké lọ́nà, ìwọ ògbufọ̀, túmọ̀ rẹ̀ fún wọn!