Wọ́n Ní N Sá, Mo Ṣá

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ fún ọgbọ̀n, ó dìgbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ kí òtítọ́ tó bá mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé.

Olùkọ́ ewì ni mí. Ìwé tí mo kọ lórí ewì sójà kan tó kú sójú ogun ló sọ mí di èèyàn ńlá. Ìyàwó rẹ̀, tí kò mọ̀wé, ló gbé bébà tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kọ wá kí n dà á kọ. Ìparí rẹ̀ kà báyìí: "Ọta tán, àdá kù. Wọ́n ní n sá, mo ṣá."

Ọkùnrin náà kò sá. Ọ̀tá ló ṣá. Ṣùgbọ́n èmi ti kọ ojú ìwé mẹ́rìnlá pé ìró "s" ló so ewì náà pọ̀ látòkè délẹ̀, bíi mímí ẹni tó ń sáré, àti pé àwítúnwí ló fi parí. Ìfọ̀rọ̀dárà ni, èmi ọ̀mọ̀wé ò rí i lásìkò. Nígbà tí mo rí i, ó ṣòro fún mi láti ya ojú ìwé mẹ́rìnlá dànù, ni mo bá yọ àmì abẹ́ "ṣ" inú "ṣá" nínú èyí tí mo tẹ̀, ó di "sá". Bí akọni ṣe di ojo nìyẹn, táwọn ọmọ sì ń há a sórí fún ìdánwò.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin sójà náà bọ́ sí kíláàsì mi. Ọmọ Ojo làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́, ó ní ìyá òun ní bàbá òun kò sá. Mo ní kó mú bébà náà wá. Ìyá rẹ̀ ti rán an mọ́nú aṣọ, ẹnikẹ́ni ò tíì tú u. Mo gbé e wọ ọ́fíìsì, mo tilẹ̀kùn, mo fi abẹ ha àmì náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo wá pè é síwájú kíláàsì.

"Kà á sókè fúnra rẹ."

Ó kà á pé, "Wọ́n ní n sá, mo sá." Ó jókòó, kò sì nawọ́ mọ́ títí tó fi jáde ilé-ìwé.

Àná ló wá síbí, ó ti ń hu ewú. Mo jẹ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi tán.

"Kí ìyá mi tó kú, sà, ó ti gbà pé ọkọ òun sá. Ta ni kí n wá lọ sọ fún?"

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń lo ìwé mi, ẹ dá àmì náà padà, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ó ṣá. Ẹ bá mi bẹ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ òkú.