Ọwọ́ Gééjì Ọkọ̀ Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún pa irọ́ mìíràn lé e. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Dírẹ́bà ni mí l'Ákùúrẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá mi. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń gbé wọn lọ sí Oǹdó, lọ wo ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn. Ojú wọn kì í kúrò lára gééjì tó ń ka eré ọkọ̀. "Dírẹ́bà, ó ti kọjá ọgọ́rin o!" Wọ́n á pariwo títí orí á fi máa fọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Nígbà tí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fi ṣíbí méjì yọ ọwọ́ gééjì náà, mo tún un tẹ̀ bọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo fà á sẹ́yìn. Bí a bá ń sá àádọ́fà, ọgọ́rin ló máa ń júwe. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí pé mo ti gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ibi lọ́kàn.

Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Délé, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ló dá wa ọkọ̀ náà lọ sí Oǹdó. Nítòsí Bọ́lọ́rundúró, ọkọ̀ gbókìtì ní kọ́nà.

Mo gbé ibà lára lọ sí ọsibítù; èmi àti Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tó ní, "Mọ́mì, mi ò sáré. Ọgọ́rin ni. Mo wo gééjì."

Màmá ní, "Má purọ́ fún mi, Délé. Àwọn tó rí ọ ní ńṣe lò ń fò."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kú. Mi ò la ẹnu mi. Láti ìgbà náà, ohun tó ń dun Màmá ju ikú náà lọ ni pé irọ́ ni ọmọ wọn fi dágbére fún wọn.

Délé fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá ló wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwé ní Arakale, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà mọ dádì mi. Ṣé òpùrọ́ ni wọ́n lóòótọ́?"

Mo ní, "Wọ́n máa ń purọ́ díẹ̀."

Kò sunkún. Ó kàn kọjú sí fèrèsé.

Ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ń ru báyìí. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè pa wọ́n. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á kú láì dárí ji ọmọ tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, Màmá ni àbí ọmọ Délé?