Àwòrán Hamdalah Lára Ike Ìpara

Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi lága, ẹ má fún mi lómi, mi ò wá jókòó! Ẹ wo ọrùn ọmọ mi. Hamdalah, súnmọ́ ibí, ká híjáàbù ẹ sẹ́yìn kí àǹtí rí i. Ṣé ẹ rí i? Ó pọ́n bí ata rodo, ó ti ń bó. Háà! Ìpara yín ló ṣe é o, ìpara yín tí mo fi ọwọ́ ara mi pa fún un!

Àfín ni mo bí, gbogbo Ìgàndó ló mọ̀. Fìlà ńlá, aṣọ alápá gígùn, dókítà ní kí n má fi sílẹ̀, mi ò sì fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ńkọ́, ọrùn ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ pè mí nígbà yẹn. Ẹ ní lọ́dọ̀ yín ní Ìlàjẹ, koríko kan wà tí òkun máa ń tì wá sí etí omi, pé oòrùn tó ń mú ẹja gbẹ ò rí i gbé ṣe, pé ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sè é, ẹ ó fi òrí pò ó. Wallahi, mo rò pé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Koríko inú òkun kẹ̀! Mo ṣá pa á fún un. Ara ọmọ jọ̀lọ̀, ó bá ẹgbẹ́ ẹ̀ dúró ní aséńbílì. Àdúrà tí mo ṣe fún yín lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá ní kí n jẹ́ kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike, kí àwọn ìyá tó bí àfín lè rí i. Mo ní ẹ yà á. Kí ló burú níbẹ̀?

Ṣé àwọn ìyá àfín ló wá? Àwọn ọmọge Ẹgbẹ́dá ló ya dé! Wọ́n rí ọmọ tó pọ́n, wọ́n ní hẹ̀n-ẹ́n, ìpara yìí ló sọ ọ́ di pupa! Ṣé ojú wọn fọ́ ni? Wọn ò rí irun orí ẹ̀? Ọ̀kan tún dá a dúró ní Ìkòtún pé, "Àbúrò, ó tó ìgbà wo kí o tó pọ́n báyìí?" Ọmọ ní bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Ọmọge yẹn ní irọ́ ló ń pa, ó ń fi àṣírí ẹwà pamọ́!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ sọ fún wọn? Ẹ dákẹ́! Wọ́n ní àwọn ò tètè pọ́n, ẹ wá lọ po oògùn ìbóra mọ́ ọn. Ike kan náà, òórùn òkun kan náà, fọ́tò ọmọ mi kan náà, ẹ ò sì pè mí pé, Ìyá Hamdalah, má fi eléyìí pa á o.

Kí lẹ ní? Pé ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ nìyẹn? Subhanallahi! Ẹni tí Ọlọ́hun fún ní àwọ̀ tó lè gba oòrùn ń bó o dànù, ẹni tí kò fún, ẹ tún já ìwọ̀nba tó ń fi bora gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ni kí n wá ṣe? Ẹjọ́ ni? Mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Kí n lọ sétí òkun ni? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mi ò mọ koríko kankan níbẹ̀. Èpè? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣẹ́ èpè fún ẹni tó ti wo ọmọ mi sàn rí? Ẹ̀bẹ̀ náà ni mo tún wá bẹ̀, ẹ ò rí ayé mi! Ẹ fọ ìkòkò kan péré, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ se ti àtijọ́ sínú ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí bi mí láàárọ̀ yìí? Mo ju ike yẹn sórí ààtàn, ó lọ mú un, ó nù ún, ó ní, "Màámi, ṣebí èmi ni mo wà lára ẹ̀. Ṣé gbogbo èèyàn ló lè pa á, àfi èmi?" Òun nìyí níwájú yín, Àǹtí. Ẹ̀yin, ẹ dá a lóhùn.